Kí Ẹ Tó Ra Damper

Bí áńdù ọ̀kadà yín bá ń gbọ̀n lọ́nà Ìdírókò, ẹ má tíì náwó sórí steering damper, ìyẹn ohun tí wọ́n ń so mọ́ áńdù kó má baà gbọ̀n. Bajaj Boxer tó kún Sàngó-Ọ̀tà kì í ní in láti ilé iṣẹ́. Èmi máa ń kọ́kọ́ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, màá wá rọra yí áńdù sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń há lágbedeméjì, bọ́ọ̀lù ọrùn rẹ̀ ti jẹ. Ìyẹn ni ká pààrọ̀.

Alùpùpù ńlá tó ń sá eré burúkú ni damper wúlò fún jù: òróró inú rẹ̀ ń gba ihò tóóró kọjá, áńdù kò ní lè já gbà lójijì. Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ ra èyí tó ṣeé dẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ abẹ́ bíríìjì Sàngó, èyí tó le jù á mú apá ro yín.