Ọba Ovonramwen Nínú Sinimá

Àwa kan ní Ọ̀fàdà jùmọ̀ wo sinimá Invasion 1897, tí Lancelot Oduwa Imasuen ṣe jáde ní ọdún 2014. Ìtàn Ovonramwen, Ọba Bìní, ni. Aṣọ oyè àti iyùn inú rẹ̀ kún ojú.

Àwọn tí ń fi idẹ dá ère àti àwọn tí ń fín eyín erin ni wọ́n ṣe ààfin Bìní lọ́ṣọ̀ọ́. Ní 1897 àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà náà lọ, wọ́n sì lé ọba lọ sí Kálábà, níbi tí ó kú sí ní 1914. Àwọn ère wọ̀nyí ni ìwé ìtàn Bìní. Jámánì dá díẹ̀ padà ní 2022.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín dúró de sinimá kí ó tó mọ ìtàn àwọn baba rẹ̀.