Ẹ Má Fi Ikin Pamọ́ ní Pápákọ̀ Òfurufú

  Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí bí ìrìnàjò mi sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe rí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2025. Ọdún náà dùn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fi wọ bàálù lọ ni mo fẹ́ sọ, torí ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ kan gbogbo ilé awo.

Láti ọdún 1998 ni ọjọ́ ìsinmi ti wà fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Ìlú Ouidah, létí òkun, ni èrò máa ń wọ́ lọ jù. Fá ni àwọn Fọ̀n ń pe Ifá wa; Lẹ̀gbà ni wọ́n ń pe Èṣù, Gú ni wọ́n ń pe Ògún. Awo ẹgbẹ́ mi kan níbẹ̀ ló pè mí, òun náà ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ọmọ awo mi kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 8, la gbéra. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló yẹ kí bàálù wa kúrò ní Ìlọrin. Ẹ mọ ọyẹ́ wa lásìkò yẹn: eruku ti bo ojú ọ̀run, a ò rí ìparí pápá. A jókòó títí aago méjìlá fi kọjá. Àwọn kan ń bínú, àmọ́ èmi ò rí ìbínú níbẹ̀. Ẹni tí kò rí ọ̀nà kì í sáré.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rántí ìgbà tí mo sin àbúrò mi obìnrin wá sí pápákọ̀ yẹn kan náà, nígbà tó ń lọ Mẹ́kà. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo agboolé wa ló sìn ín, èmi babaláwo náà wà níbẹ̀, mo ń ṣàdúrà pé kó lọ ire kó bọ̀ ire. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Èmi wá rèé lónìí: mo ti fi ṣòkòtò mẹ́ta wé ikin mi, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpò. Ta ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni kankan. Ó ti mọ́ mi lára ni. Ẹ ò gbàgbé àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ lórí ọdún Ìṣẹ̀ṣe nílùú wa ní 2023. Láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú wa ló tún ń rọra rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò tó wákàtí kan tá a fi dé Èkó. A sáré gba takisí lọ sí apá ibi tí wọ́n ti ń wọ bàálù lọ sókè òkun. Pásípọ́ọ̀tù wa pé, yẹ́lò káàdì wa pé. Àwa ọmọ ECOWAS ò nílò físà láàárín ara wa, tí a ò bá ti ní lò ju 90 ọjọ́ lọ. Mo rò pé wàhálà ti tán. Ìgbà tí àpò mi wọnú ẹ̀rọ tó ń wo ẹrù, ẹ̀rọ dúró.

Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù ló wà níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú àpò yìí? Ó ń hàn bíi kóró nǹkan.”

Ọmọ awo mi fẹnu sí mi létí: “Bàbá, ẹ ní ẹ̀kùrọ́ lásán ni. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ gbìn ín ni.”

Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ètè mi. Mo wá wo ojú ọmọ náà. Mo ní tí mo bá pa irọ́ yìí níṣojú ẹ̀, kí ni màá tún kọ́ ọ tá a bá jókòó ti ọpọ́n?

Mo ní, “Ikin Ifá ni, ọmọ mi. Babaláwo ni mí. Mi ò ní kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi tú u.”

Ó lọ pe ọ̀gá ẹ̀. Èrò ti tò sẹ́yìn wa, ẹnì kan pòṣé. Àyà mi ń já. Ọ̀gá dé, ó ní kí n tú u. Mo tẹ́ aṣọ funfun, mo ka ikin mẹ́rìndínlógún sílẹ̀, mo kó wọn padà, wọ́n tún gbé e gba inú ẹ̀rọ. Ó tán. Wọ́n gba ìgò ọtí tí mo fẹ́ fi kí onílé mi, nítorí ó ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. N ò lè sọ pé torí ẹ̀sìn ni. Òyìnbó tó wà níwájú mi náà, wọ́n gba ìpara ẹ̀.

Bí mo ṣe ń di àpò mi ni ọmọbìnrin yẹn wo ọmọ awo mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ká ní ẹ ní ẹ fẹ́ lọ gbìn ín ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò là bá fi yín ránṣẹ́ sí. Bàálù yín ì bá ti lọ.” Àṣé ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀!

Bàálù wa fò kọjá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó lọ balẹ̀ sí Lomé ní Tógò. Ibẹ̀ la ti wọ òmíràn tó dá wa padà sí Kútọnu. Aago Tógò fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn tiwa, ti Bẹ̀nẹ̀ bá tiwa mu. Ọmọ awo mi ń yí aago ọwọ́ ẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a dé. Aṣọ́bodè bèèrè ohun tí mo wá ṣe. N ò tún dúró ro ó mọ́. Mo ní, “Ọdún ni mo wá ṣe. Babaláwo ni mí.” Ọmọ Kétu ni. Ó dá mi lóhùn ní Yorùbá pé, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ọdún.”

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹ gbé ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ sínú àpò tẹ́ ẹ máa fọwọ́ gbé, nínú aṣọ tó rọrùn láti tú. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ òótọ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Omi, epo tàbí ọtí tó bá ju 100 mílílítà lọ, inú ẹrù abẹ́ bàálù ni kẹ́ ẹ kó o sí. Ibẹ̀ náà ni ọ̀bẹ ń lọ. Obì, orógbó àti ewé lè gba ìwé ẹ̀rí, torí náà ẹ rà wọ́n níbi tẹ́ ẹ bá dé. Irọ́kẹ́ eyín erin àti ìkóódẹ, ẹ fi wọ́n sílé, ẹ mú irọ́kẹ́ onígi dání. Òfin àgbáyé ń dáàbò bo erin àti odídẹrẹ́, wọn kì í sì í gbójú fo ẹni tó bá gbé wọn kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní ìpín 38, fún olúkúlùkù lómìnira láti ṣe ẹ̀sìn ẹ̀. Mo ti mọ èyí tipẹ́, síbẹ̀ ṣòkòtò mẹ́ta ni mo fi wé ikin. Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, aṣọ funfun nìkan ni mo fi wé e.

Ire ni a ó máa rìn, ire ni a ó máa bọ̀. Àṣẹ.