Ẹ̀kọ́ Ọnà Ara Aṣọ ní Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń bi wá léèrè pé ǹjẹ́ ó bójú mu kí ènìyàn ta ilẹ̀ tàbí kí ó yá owó èlé kí ọmọ rẹ̀ lè lọ kọ́ bí a ti ń tẹ ọnà sára aṣọ ní yunifásítì. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ìyá àgbà ṣe ní ẹ̀yìnkùlé láìmọ̀wé, kí ni ọmọ yóò tún fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kọ́ nínú rẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Òótọ́ ni pé àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ náà. Àwọn aláró a máa gún ewé èlú, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kí aró má baà mu ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí àdìrẹ Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, yóò mọ̀ pé ọwọ́ tí ó yà á kì í ṣe ọwọ́ òpè. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè, wọ́n gé àwòrán ọba àti ayaba sí páánù, wọ́n sì fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá sára aṣọ. Òun ni a ń pè ní Olóba.

Kí ni yunifásítì wá fi kún un? Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò na aṣọ tín-ín-rín sórí férémù onígi bí ẹni ń na awọ ìlù. Yóò fi oògùn tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le dí gbogbo ibi tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ gbà kọjá, yóò sì fi pákó tí ó ní rọ́bà létí wọ́ ọ̀dà lórí rẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní férémù tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ yáàdì 6, èyí tí í ṣe íǹṣì 216. Bí ọnà náà bá gùn ní íǹṣì 18, a óò tẹ̀ ẹ́ nígbà 12. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, ó di ìgbà 36. Ìrù ọnà ìṣáájú gbọ́dọ̀ bá orí èyí tí ó tẹ̀lé e pàdé láìsí àlàfo. Bí ó bá yẹ̀ ní íǹṣì kan péré, ẹni tí ó wà ní òdìkejì títì yóò rí i. (Èmi fúnra mi ti fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dá bùbá rí.) Ìṣirò wà nínú iṣẹ́ yìí, ìmọ̀ oògùn àti àwọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀dà tí a kò bá pò bí ó ti yẹ, omi àkọ́kọ́ ni yóò ṣí i.

Ará Ọ̀yọ́ kò níláti rìn jìnnà. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí a ó fi ṣe àwòṣe wà nílé pẹ̀lú: àwọn ìlà ara igbá fínfín Ọ̀yọ́ nìkan tó fún ẹgbẹ̀rún aṣọ.

A kò ní tan yín jẹ ní ti iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, kógbá sílé ní 2002, òun nìkan sì kọ́. Ẹ̀rọ ilẹ̀ Ṣáínà sì ń tẹ ọnà àdìrẹ wa jáde ní owó pọ́ọ́kú. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ń retí kí ilé-iṣẹ́ ńlá gbà á síṣẹ́ lè pẹ́ nílé. Ẹni tí ó bá lè dá ọnà tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó ní tábìlì àti férémù, ni yóò rí oníbàárà.

Ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì ni kí ẹ ti ronú sí i, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń yan ẹ̀kọ́. Yóò nílò kírẹ́dìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò wà nínú wọn. Ó sì dára kí iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò JAMB. Kì í ṣe gbogbo sẹ́kọ́ńdìrì ni ó ní olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Ẹ béèrè kí ẹ tó san owó.