Ẹ Má Tíì Pa Búrẹ́dì Tì: Bí A Ṣe Ń Wá Dókítà Tó Mọ Àrùn Celiac ní Port Harcourt

Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, èéfín bọ̀ọ̀lì á gba ẹ̀bá títì Port Harcourt kan. Bole ni wọ́n ń pè é níbẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lórí ẹyin iná, ẹja yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ata elépo pupa tí wọ́n dà lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá rìn síwájú díẹ̀, ẹlòmíì ń din ẹyin, ó ń se indomí, búrẹ́dì wà ní òkìtì lórí tábìlì rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ wa, ohun tó bá wu ẹnu ló máa pinnu ibi tá a máa yà sí. Fún ẹni tó ní àrùn celiac, oúnjẹ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, àmọ́ búrẹ́dì yẹn ń jẹ ìfun rẹ̀ run díẹ̀díẹ̀.

Àrùn yìí kì í ràn, kòkòrò kọ́ ló ń fà á. Ohun kan wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bíi rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń pò ó. Lára ẹni tó ní celiac, bí gluten bá dé ìfun kékeré, àwọn ọmọ ogun ara á dìde sí i, wọ́n á sì máa ṣá ìfun fúnra rẹ̀ lọ́gbẹ́. Ojú ìfun kékeré rí bíi táwẹ́ẹ̀lì tuntun, ó ní àwọn ọ̀mùnú wẹ́wẹ́ tó ń fa èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Celiac á jẹ àwọn ọ̀mùnú yẹn títí ojú ìfun á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi táwẹ́ẹ̀lì tó ti gbó. Onítọ̀hún á jẹun yó, ara rẹ̀ ò ní rí nǹkan mú níbẹ̀. Inú á máa wú, ìgbẹ́ gbuuru á máa lọ á máa bọ̀, ó lè máa rù. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní yàgbẹ́ gbuuru rárá. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ò wò ni wọ́n máa rí, tàbí egbò ẹnu, tàbí kí oyún máa bà jẹ́ lára obìnrin, tàbí kí ọmọ má ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní Port Harcourt, bíi ti gbogbo Nàìjíríà, tífọ́ọ̀dù, ibà, ọgbẹ́ inú àti aràn ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Mi ò dá dókítà kankan lẹ́bi fún ìyẹn, torí àwọn yẹn ló pọ̀ jù nílùú. Ikọ́ ife tó wọ ìfun, HIV, kòkòrò giardia, àti wàrà tí kò bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa lára mu, gbogbo wọn ló lè fara jọ celiac. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n máa sọ pé àrùn òyìnbó ni. Bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in lágbàáyé, àmọ́ inú Áfíríkà níbí, láàárín àwọn Saharawi ní ìwọ̀-oòrùn Sàhárà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1999 rí i lára ọmọ tó lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní apá ọ̀dọ̀ tiwa ló kéré. Ohun tí wọn ò bá wá, wọn ò lè rí i.

Dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ló fẹ̀rí hàn pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ó ti ń fura kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Nígbà ìyàn ńlá tó mú ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, búrẹ́dì di àwátì, ebi ń pa gbogbo ìlú, síbẹ̀ ara àwọn ọmọ tó ní celiac ń yá sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht lọ́dún 1950.

Ìtàn yẹn náà ló ń ti àwọn èèyàn sínú àṣìṣe tó ń dùn mí jù. Ẹnì kan á ka nǹkan lórí fóònù, á pa búrẹ́dì tì, ara á fúyẹ́ díẹ̀, ìgbà yẹn ni á tó wá dókítà lọ. Ẹ̀rí ti ń parẹ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, àwọn ohun ìjà tí ara ń rọ nítorí gluten ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Bí gluten ò bá wọlé mọ́, ara ò ní rọ ohun ìjà mọ́, ojú ìfun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ìlànà tí àjọ NICE ń lò ní Bìrìtéènì ni pé kéèyàn máa jẹ gluten lójoojúmọ́, nínú oúnjẹ tó ju ẹyọ kan lọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán kí wọ́n tó ṣàyẹ̀wò. Nítorí náà, dókítà tó bá kọ́kọ́ bi yín pé, “Ṣé ẹ ṣì ń jẹ búrẹ́dì?” ti mọ ọ̀nà. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ pa á tì ná, kẹ́ ẹ wá padà lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì.

Ta wá ni kẹ́ ẹ wá lọ? Ẹ má wá dókítà tó pe ara rẹ̀ ní dókítà celiac. Ẹni tẹ́ ẹ nílò ni onímọ̀ nípa ìfun àti ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń pè ní gastroenterologist. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì nílùú náà: UPTH ti Yunifásítì Port Harcourt ní Alakahia, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, àti ti Rivers State University, èyí tí àwọn àgbà ìlú ṣì ń pè ní Braithwaite. Ẹ ra káàdì, ẹ rí dókítà tó ń gba aláìsàn wọlé, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ lẹ́tà fún yín lọ sí kílíníkì àwọn onímọ̀ ìfun. Tó bá jẹ́ ọmọdé ni, ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni kẹ́ ẹ gbà.

Tó bá jẹ́ aládàáni lẹ fẹ́, ẹ wò ó bóyá orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. FMCP tàbí FWACP lẹ́yìn orúkọ dára, ó fi hàn pé ó kàwé kọjá ti dókítà lásán, àmọ́ kò sọ fún yín pé ìfun ló ń tọ́jú. Ẹ bi í. Àwọn onímọ̀ ìfun lórílẹ̀-èdè yìí ní ẹgbẹ́ tiwọn, SOGHIN. Ẹ béèrè bóyá ó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó máa wo ẹran ìfun tí wọ́n bá gé lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà. Orúkọ àyẹ̀wò náà ni tTG-IgA, dókítà tó mọṣẹ́ á sì ní kí wọ́n wọn gbogbo IgA, ìyẹn irú ohun ìjà kan tí ara ń rọ, pẹ̀lú, torí ara àwọn kan kì í ṣe IgA tó, èsì wọn á sì máa purọ́ pé kò sí nǹkan. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi láàbù bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é tàbí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíì, àti ọjọ́ tí èsì máa dé. Àyẹ̀wò olówó ńlá tó ń ka ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tí “ara yín kọ̀” kì í ṣe ara èyí. Ẹ má náwó yín sí i.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi í hàn, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé, kí wọ́n lè gé ẹran ìfun díẹ̀díẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ ò ní jẹun láti òru, wọ́n á fín oògùn tó ń mú kí ọ̀fun kú, ẹ̀ ẹ́ fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, èébì á máa gbé yín díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tó máa fi parí. Iye ibi tí wọ́n ti gé ẹran ló ṣe pàtàkì. Ẹyọ kan kò tó, torí àrùn náà máa ń fo ibì kan dé ibì kan. Ìlànà ni pé kí wọ́n gé ó kéré tán mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, àti ẹyọ kan tàbí méjì ní òkè rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ibi mélòó lẹ máa gé?” Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání pẹ̀lú. Olmesartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, lè ba ojú ìfun jẹ́ lára àwọn èèyàn kan lọ́nà tó jọ celiac gẹ́lẹ́.

Kò sí oògùn tó ń wò ó. Oúnjẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, títí láé, níbi yìí sì ni ilẹ̀ wa ti ṣojú rere sí aláìsàn. Gààrí, iyán, àmàlà, ìrẹsì, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àti onunu tí àwọn Kalabari ń gún látinú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí gluten nínú wọn. Ṣùgbọ́n sẹ̀mó tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, spaghetti, indomí, ṣinṣín, ọ̀pọ̀ bíà àti ohun mímu málìtì, ẹ dẹ̀yìn lẹ́yìn wọn. Àkàrà tí wọ́n din nínú epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi din pọfúpọfú ti gba gluten lára epo. Èlùbọ́ tí ẹ̀rọ ìlọta lọ lẹ́yìn àlìkámà náà ti gbà á. Dókítà tó mọṣẹ́ á fa yín lé onímọ̀ oúnjẹ lọ́wọ́, á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, á sì wọn ayọ́ọ̀nù, folate àti fítámì D.

Kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga, ó tún yẹ kó bi yín nípa àwọn ọmọ yín àti àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Nínú àwọn tó sún mọ́ aláìsàn tó bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń ní in, àwọn míì ò sì ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà yẹ kó dé láàbù, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó pa búrẹ́dì tì.