ÌDÁKỌ̀RÓ TÍ KÒ LÓKÙN

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ní Festac Town tàbí ní ibòmíràn ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin mọ̀ pé omi kò jìnnà sí wa. Odò tí ó ti Àgbádárìgì wá sí Àpápá ń gba ẹ̀yìn àdúgbò wa kọjá. Lóòótọ́, nítorí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni ìjọba ṣe kọ́ àwọn ilé Festac. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹja pípa ti wà lórí omi yìí ṣáájú àwọn ilé náà.

Bí ọkọ yín tàbí ọmọ yín bá ń sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré tí a ń pè ní kayak, kí òun sì so ẹ́ńjìnnì oníbátìrì mọ́ ọn, ẹ má kàn bú u pé aláfẹ́ ni. Ẹ má sì sáré kó owó fún un. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kayak jẹ́ ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sábà máa ń gba ẹnì kan. Ní ọdún 1997 ni ilé iṣẹ́ Hobie ní ìpínlẹ̀ California gbé irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà jáde. Apẹja yóò jókòó, yóò máa tẹ pẹ́dà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yóò sì wà lómìnira fún ìwọ̀ àti okùn. Èyí dára púpọ̀. Ìṣòro tí ó kù ni bí yóò ṣe dúró lójú kan.

Ìdí òpó afárá àti etí ibi tí omi ti jìn ni ẹja fẹ́ràn láti máa ba sí. Ṣùgbọ́n omi òkun ń gba ẹnu Èkó wọlé, ó sì ń padà jáde, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣàn yìí a sì máa gbé ọkọ̀ kékeré lọ bí ewé. Bí apẹja bá ju ìdákọ̀ró, ó lè há mọ́ kùkùté. Bí ó bá so okùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí omi sì ń ṣàn kíkankíkan, okùn náà lè fa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọ omi títí yóò fi dojú dé. Àwọn atukọ̀ tí ó gbé Pọ́ọ̀lù mọ èyí láti ayébáyé: nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti ju ìdákọ̀ró wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì fún ọkọ̀ ìpẹja kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1934 ni Minn Kota ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ẹ̀rọ náà ti mọ ibi tí ó wà, nípasẹ̀ GPS. Sátẹ́láìtì tí kò dín ní 24 ni ó ń yí ayé po ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 lókè. Bí ẹ̀rọ bá gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn, ó lè ṣírò ibi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe sínú èyí tí ará ìlú ń lò, tí ó fi lè ṣìnà tó ọgọ́rùn-ún mítà. Ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n mú àṣìṣe náà kúrò. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ bóyá etí bèbè ni òun wà tàbí àárín odò, báwo ni yóò ṣe di ọkọ̀ mú?

Nísinsìnyí, apẹja yóò tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ yóò sì fi ibẹ̀ sọ́kàn. Bí omi bá gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò yí orí ara rẹ̀ padà, abẹ̀bẹ̀ tí ó wà lábẹ́ omi yóò sì ti ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Kò sí okùn, kò sí irin tí yóò há.

KÍ A TÓ SO Ó MỌ́ ỌKỌ̀

Ní èkínní, ẹ ro ti ìwúwo. Ẹ ka iye ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé, kí ẹ ka ènìyàn, ẹ́ńjìnnì, bátìrì àti ẹja mọ́ ọn. Bátìrì olójé tí a kọ 100Ah sí lára wúwo tó nǹkan bí kílò 30. Ti lithium kò sábà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà níwájú, kí bátìrì lọ sẹ́yìn, kí ọkọ̀ má baà tẹ orí ba.

Ní èkejì, ẹ ṣírò iná. Ẹ́ńjìnnì volt 12 tí agbára rẹ̀ tó pọ́n-ùn 55 lè fa nǹkan bí ámpù 50 bí ó bá ń sáré tán pátápátá. Wákàtí méjì péré ni bátìrì 100Ah yóò fi gbé e. Bí ó bá ń fa ámpù 10, yóò tó wákàtí mẹ́wàá. Kò dára kí a lo bátìrì olójé kọjá ìdajì. Bí ìṣàn omi bá ti le tó ni iná yóò ṣe tètè tán tó. Ẹ fi fíúsì sí ẹ̀bá bátìrì pẹ̀lú.

Ní ẹ̀kẹta, iyọ̀ àti koríko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iyọ̀ máa ń wọ odò wa, nítorí náà ẹ ra èyí tí a ṣe fún omi iyọ̀, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣan án bí ẹ bá délé. Koríko orí omi tí ó ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ odò Àgbádárìgì ní ọdún 1984 a sì máa lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí ẹ mú àjẹ̀.

Ní ẹ̀kẹrin, ẹ má dúró sójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá níhà Kirikiri àti Tin Can. Ọkọ̀ ńlá kì í lè dúró lójijì, ó sì lè má rí yín rárá.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ KÒ LÈ ṢE

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí apẹja bá ṣubú sínú omi nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ yóò dúró sójú kan gbọnin, ṣùgbọ́n omi yóò gbé ẹni náà lọ. Ọkọ̀ ni ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n dì mú, kò mọ ènìyàn. Ẹ má sì sọ pé ẹ mọ omi wẹ̀: òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, ni àwọn àgbà wí. Nítorí náà, ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìjókòó. Ara ni kí ó wà. Kí àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kí ìdákọ̀ró olókùn wà pẹ̀lú, nítorí bátìrì lè tán, wáyà sì lè já. Kí apẹja má dá lọ, kí àwọn ará ilé sì mọ ibi tí ó lọ àti wákàtí tí yóò dé.

Apẹja tí ń fi àwọ̀n bọ́ ìdílé rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ yìí, nítorí àwọ̀n fúnra rẹ̀ ni ó ń dúró de ẹja. Ẹni tí ń fi ìwọ̀ pẹja ni ó wúlò fún, ó sì wúlò fún un gan-an. Bí owó bá wà, tí ọkàn sì fẹ́ ẹ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin baba, ẹ tò ó bí ó ti yẹ: ẹ̀wù ìdóòlà ni kí a kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà ìdákọ̀ró olókùn, kí ẹ́ńjìnnì wá ṣe ìkẹta. Bí owó kò bá tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí di ọdún mìíràn.