Bí Orúkọ Ọmọ Ṣe Ń Wọ Àkọsílẹ̀ Yunifásítì

Bí JAMB bá ti gbé èsì jáde, ìbéèrè kan máa ń gba ẹnu àwọn òbí láti Ìkòsì títí dé Mile 12: "Ta la mọ̀ ní Akọkà?" Ìyá tó ń ta tòmátì á rántí oníbàárà kan tí àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní UNILAG, yunifásítì Èkó tó wà ní Akọkà. Bàbá tó ń wa dánfó ní Kétu á ti gba nọ́ńbà ẹnì kan tí wọ́n ní ọ̀gá ni níbẹ̀. N ò dá wọn lẹ́bi, torí ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí kì í ṣí fún ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì ìgbaniwọlé yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò ó. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó ń fi bírò kọ orúkọ ọmọ tó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó pàdánù àyè, kí orúkọ wọn tó dé Akọkà rárá ni nǹkan ti bàjẹ́, níbi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́bàá ilé wọn.

Ní 1974, yunifásítì mẹ́fà péré ló wà ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di 1977, wọ́n ti di mẹ́tàlá. Oníkálukú ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, oníkálukú sì ń yan ọmọ tirẹ̀. Ọmọ kan lè gba lẹ́tà láti Ìbàdàn, láti Ifẹ̀ àti láti Èkó, kó mú ọ̀kan, kí àyè méjì yòókù wà lásán nígbà tí ẹlòmíràn ń sunkún àyè. Ohun tí ìjọba torí ẹ̀ dá JAMB sílẹ̀ ní 1978 nìyẹn. Ní 2005, àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò tiwọn kún un, nítorí ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́ sí máàkì tí àwọn ọmọ ń mú wá. Èyí là ń pè ní post-UTME. Ní 2017 ni JAMB wá gbé CAPS kalẹ̀, ojú òpó kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB, ilé ẹ̀kọ́ àti ọmọ tó fẹ́ wọlé ti jọ ń rí ohun kan náà. Ìgbaniwọlé tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá, JAMB ò kà á sí. Ọmọ tí wọ́n bá tì wọlé gba ẹ̀yìn lè ka ọdún mẹ́rin tán, kó wá di ọjọ́ tó fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó sọ fún un pé àwọn ò rí orúkọ rẹ̀.

Lọ́dọọdún, àárín ìlú ni iṣẹ́ ìgbaniwọlé ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tó gbọ́ orúkọ ọ́fíìsì kankan. Ọmọ á fi fóònù tirẹ̀ tẹ NIN, á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, á tẹ nọ́ńbà NIN rẹ̀, á fi í ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Kóòdù tó bá padà wá ló máa fi ra PIN kó tó lọ sí sẹ́ńtà CBT tí JAMB fọwọ́ sí. Ní 2025, 7,200 náírà ni owó rẹ̀, tàbí 8,700 fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ìdánrawò pẹ̀lú. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ni JAMB máa gbé wọlé gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Bí NIN bá ní Olúwaṣeun, tí WAEC ní Seun, tàbí tí oṣù ìbí méjèèjì ò bá ara wọn mu, ẹni méjì ni kọ̀ǹpútà máa rí. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti tún un ṣe ni ọ́fíìsì NIN, kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ọmọ máa ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ kà ló máa sọ mẹ́ta yòókù. Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ṣe Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Bó bá fi Àgíríkì dípò Físíìsì, ì báà gba 320 nínú 400, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Àràbà, níbi tí UNILAG ti ń kọ́ni ní ìṣègùn, lè ṣe sí i. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sọ ti kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń tẹ̀ lé.

Nínú gbogbo ohun tó ń ba àyè jẹ́, ọ̀kan wà tó máa ń dùn mí jù. Ọmọ tí èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ kò tíì jáde nígbà ìforúkọsílẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ láìsí i, àmọ́ bí èsì bá ti dé, ó gbọ́dọ̀ padà sí sẹ́ńtà kí wọ́n gbé e sórí JAMB. Ọ̀pọ̀ kì í padà lọ. Wọ́n gbà pé WAEC àti JAMB máa ń bára wọn sọ ọ́. Lójú CAPS, ọmọ tó ní A márùn-ún tí kò gbé e wọlé kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣe WAEC rí.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ọ́fíìsì. Ní UNILAG, ẹni tó bá fi ibẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ yíyàn, tó sì gba ó kéré tán 200, ló lè ṣe post-UTME. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò da nǹkan mẹ́ta pọ̀: máàkì JAMB gbé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, post-UTME gbé 30, èsì WAEC gbé 20. Wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB. Nínú WAEC, sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó bá kọ́ọ̀sì mu ni wọ́n ń kà: A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2.

Ká mú ọmọ méjì. Àkọ́kọ́ gba 290 nínú JAMB, ìyẹn 36.25. Ó gba 13 nínú post-UTME. WAEC rẹ̀ jẹ́ C4 mẹ́ta àti C5 méjì, ìyẹn 13.2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 62.45. Èkejì gba 272, ìyẹn 34. Ó gba 19 nínú post-UTME, WAEC rẹ̀ sì jẹ́ A1 kan, B2 kan, B3 méjì àti C4 kan, ìyẹn 16.8. Tirẹ̀ jẹ́ 69.8. Bí àwọn méjèèjì bá ń gbé ojúlé kan náà ní Alápẹ́rẹ̀, ìyá ẹni tó gba 290 á búra pé wọ́n ti ta àyè ọmọ òun. Ìṣirò lásán ni, ẹni tó bá ní ìwé àti bírò lè ṣe é nílé.

Lẹ́yìn ìṣirò, pínpín ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń fi ìdá 45 nínú àyè rẹ̀ fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà lágbègbè yunifásítì, èyí tí wọ́n ń pè ní catchment. Ti UNILAG ni Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì. Ìdá 20 yòókù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ 23 tí ìjọba kà sí ibi tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ tó. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe ládùúgbò bíi Kétu. Ọmọ Ọ̀ṣun lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí máàkì rẹ̀ ga tàbí gẹ́gẹ́ bí ọmọ agbègbè. Ọmọ oníṣòwò ará Kánò tó ń já tòmátì ní Mile 12 ní ọ̀nà méjì pẹ̀lú, nítorí Kánò wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ 23. Àmọ́ ọmọ Anambra tàbí Imo tí wọ́n bí sí òpópónà kan náà, tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ibi tí bàbá ti wá ni wọ́n ń wò, ibi tí ọmọ dàgbà sí kò sí nínú rẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n tún òfin yìí yẹ̀ wò. Bó ti wù kó rí, òṣìṣẹ́ ìgbaniwọlé kọ́ ló ṣe é, kò sì lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nínú catchment pàápàá, wọ́n ń wo ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí iye tí ọmọ Ògùn nílò fún kọ́ọ̀sì kan fi lè yàtọ̀ sí ti ọmọ Òndó.

Iye ọmọ tí kọ́ọ̀sì kan lè gbà náà kò sí lọ́wọ́ yunifásítì nìkan. NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ló ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà a máa sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ òfin a máa sọ ti òfin. Bí yunifásítì bá kọjá rẹ̀, ìyà ń bẹ.

Àkókò tí iṣẹ́ pọ̀ jù ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn tí orúkọ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi máàkì wé máàkì, wọ́n ń wá ẹni tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá kọ́ọ̀sì mu, wọ́n ń to orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn fákọ́tì, wọ́n ń gbà á padà. Orúkọ tí òṣìṣẹ́ bá dábàá lórí CAPS kò tíì wọlé: ọ̀gá ìgbaniwọlé á wò ó, ó di dandan kí olórí yunifásítì fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni JAMB á tún yẹ̀ ẹ́ wò l'Ábújá kó tó fọwọ́ sí i. Bí ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré bá ṣáájú ẹni tí tirẹ̀ pọ̀, JAMB lè béèrè ìdí. Ní gbogbo àkókò yìí, fóònù kì í dákẹ́, èèyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wáyé níbẹ̀ rí báyìí:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi gba 281. Wọn ò fún un ní nǹkan kan."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ jẹ́ n rí nọ́ńbà JAMB rẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó. "Màmá, èsì WAEC rẹ̀ ò sí níbí."

"Ha! A ti kó gbogbo ẹ̀ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sanwó ẹ̀!"

Òṣìṣẹ́ náà gbọ́, ó sì lè káàánú ìyá yìí dénú, àmọ́ ojú òpó JAMB kò gbà á láyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èsì ẹnikẹ́ni wọlé. Sẹ́ńtà CBT ni wọ́n máa padà sí. Bí yíyan orúkọ bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá a. Bó bá ti parí, ó di ọdún tó ń bọ̀.

N ò sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Ẹni tó wà l'Ékòó ní oṣù karùn-ún 2025 kò lè gbàgbé. Wọn kò gbé àtúnṣe tó yẹ sórí kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó sẹ́ńtà Èkó àti ti ìlà-oòrùn gúúsù, máàkì àwọn ọmọ wá já wálẹ̀. Sẹ́ńtà 157 ló kàn, 65 nínú wọn l'Ékòó. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó tún ìdánwò ṣe, 206,610 nínú wọn jẹ́ ti Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá JAMB nígbà náà, tọrọ àforíjì níwájú oníròyìn, ó sì sunkún. Ohun tó mú àṣìṣe náà hàn ni pé àwọn ọmọ àti òbí kígbe, wọ́n kọ̀wé, wọ́n sì ní kí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò. Irú ìkígbe bẹ́ẹ̀ wúlò, ó sì yàtọ̀ sí wíwá ẹni tó mọ èèyàn kiri.

Àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí pé àwọn á bá wọn wá àyè mọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Ọ̀nà wọn rọrùn: wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn ò ní ṣe ohunkóhun, wọ́n á sì dúró. Àwọn ọmọ tí máàkì wọn tó á wọlé fúnra wọn, òbí á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á sì júwe wọn fún ẹlòmíràn.

Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá jáde kò tíì parí. Ó gbọ́dọ̀ wọ ojú òpó JAMB, kó ṣí CAPS, kó tẹ̀ pé òun gbà. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ímeèlì ti ń ṣàkóbá, nítorí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan máa ń fi ímeèlì ara wọn forúkọ ọmọ sílẹ̀, tí ìròyìn bá dé, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Kí ọmọ ní ímeèlì tirẹ̀, kó sì mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí. Lẹ́yìn náà ni yóò kó ojúlówó ìwé lọ fún àyẹ̀wò: èsì WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kétu tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn ló ti máa gba tirẹ̀, ọ́fíìsì Kòṣòfẹ́ tó wà ní Ògùdù kò lè fún un. Kí wọ́n lọ gbà á kí orúkọ tó jáde, nítorí ọjọ́ àyẹ̀wò kì í pọ̀.

Ọmọ tí kò rí àyè ní Akọkà ṣì lè san 2,500 náírà kí JAMB yí ilé ẹ̀kọ́ tàbí kọ́ọ̀sì rẹ̀ padà, níwọ̀n ìgbà tí ibi tó ń lọ bá ṣì ní àyè. Irú ibi bẹ́ẹ̀ kan wà nítòsí: láti 2022 ni pólí Laspotech ti di yunifásítì, LASUSTECH, ní Ìkòròdú, ọkọ̀ kan láti Mile 12 lè gbé èèyàn débẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yí i, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó ṣe bá kọ́ọ̀sì tuntun náà mu, kó tó sanwó.