Nígbà Tí Ọmọ Bá Ní "I'm on Edge"

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Nígbà tí ọmọbìnrin mi ń múra ìdánwò GCSE, ó wá jókòó sétí àga ní kíṣìnì, ó ní, "Mummy, I'm on edge." Mò ń ro àmàlà lọ́wọ́. "Edge" nìkan ni mo gbọ́, mo bá ní, "Jókòó dáadáa kí o má baà ṣubú." Kò fèsì. Ní aago méjì òru, iná yàrá rẹ̀ ṣì ń tàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà nínú ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú GAD-7, ìbéèrè 7 tí a fi ń wádìí bí àníyàn ṣe da ènìyàn láàmú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́nu aláìsàn, ó máa ń yé mi. Lẹ́nu ọmọ mi, n kò fetí sí i.

"Edge" ní ìtumọ̀ púpọ̀. Ti aṣọ, ti tábìlì àti ti odò, etí ni. Ti ọ̀bẹ àti idà, ojú ni. Ìdí nìyí tí Bíbélì wa fi sọ̀rọ̀ idà olójú méjì. Bí aláìsàn bá ní oògùn "took the edge off," ìrora rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, kò tíì lọ tán. Bí ọmọ bá pe aṣọ ní "edgy," ó ń yìn ín ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá "edgy," ó ń kanra ni.

"On edge" ni kí ẹ máa ṣọ́. Ọkàn ẹni náà kò balẹ̀: oorun kì í wá, ọ̀rọ̀ kékeré á sì dìjà. "On the edge" tún lè le ju ìyẹn lọ: ẹni náà ti dé bèbè, agbára rẹ̀ ti fẹ́ pin. Ẹ má fi ṣe àwàdà.

Lówùúrọ̀, mo bẹ ọmọ mi, mo sì bi í ní ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ó ní bí òun bá fìdí rẹmi, ojú á ti wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Bí àníyàn náà kò bá lọ, ẹ mú wọn lọ rí GP. Bí ó bá di kánjúkánjú, ní England, ẹ pe 111, kí ẹ yan ti ìlera ọpọlọ. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999 ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí Gẹ̀ẹ́sì yín kò bá yé wa, ẹ sọ fún wa pé, "Ọkàn mi ò balẹ̀."

Etí ni "edge." Etí náà la fi ń gbọ́ràn.